Ìyá Ìbejì, mo ti ń fọn fèrè o

Ẹ̀bá Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kìn-ín-ní.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Àwọn ìbejì ńkọ́? Ọyẹ́ tiwa náà kò kéré lọ́dún yìí. Ó mú débi pé ètè mi là, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n ráyè kọ lẹ́tà sí ọ, torí tíṣà mi ní n kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan fèrè títí di ọjọ́ Ẹtì. Bẹ́ẹ̀ ni, fèrè ni mo kọ yẹn, ojú rẹ kò ṣe ọ́. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni mo ń kọ́. Bí o bá rẹ́rìn-ín tán, máa kà á lọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún mi, ohùn tí mo fi ń kọ áltò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kò padà mọ́. Mo ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n gbé orin, ó há síbẹ̀. Mo wá ń jókòó láàrin ìjọ bí àlejò. Ní ìlú tí wọ́n ti dá sẹ́mínárì àwọn Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898, ta ni kò gbọ́ fèrè rí? Lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ R.A., ẹgbẹ́ ọmọkùnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, fọn tiwọn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì rí i pé ẹni tó ń fọn fèrè kò lo ohùn ọ̀fun rárá. Bí mo ṣe lọ ra tòkunbọ̀ kan nìyẹn. Iye tí mo san, n kò sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ, n kò sì ní kọ ọ́ síbí.

Mo rò pé ẹni tó bá ti lè fẹ́ iná, ó lè fọn ọ́n. Mo fẹ́ ẹ títí òòyì fi kọ́ mi. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde, bíi ti táyà tó ń jò. Tíṣà mi, tí àkọ́bí mi jù lọ́jọ́ orí, ní, "Mọ́mì, ẹ gbé irin yẹn sílẹ̀ ná. Ètè yín ló máa dún, irin kàn ń gbé e jáde ni." Ó yọ ẹnu fèrè náà, ó ní kí n pa ètè pọ̀ bí ẹni fẹ́ pe "m", kí n wá fi èémí gbọ̀n ọ́n. Ó dún bí eṣinṣin inú ìgò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ìyẹn nìkan ni mo ń ṣe, ní ìdí máṣíìnì, níbi tí mo ti ń ro àmàlà. Oníbàárà mi kan bọ́ bàtà, ó ń wá oyin tó wọ ṣọ́ọ̀bù kó lè pa á.

Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ló wà lára rẹ̀. Mo rò pé olúkúlùkù ló ní ohùn tirẹ̀, irọ́ ni. Bí o kò tẹ ìkankan, dò wà níbẹ̀, sò wà níbẹ̀, dò òkè wà níbẹ̀, mì tún wà lórí ìyẹn. Ètè rẹ ni yóò yan èyí tó fẹ́. Ọ̀rọ̀ gángan ni: bí onílù ṣe ń fún ọsán kí ohùn lè lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni mo ń fún igun ẹnu mi. Ṣebí kàkàkí tí wọ́n ń fọn fún Aláàfin kò ní bọ́tìnnì kankan. Bí a bá na tèmi yìí tán, yóò lé díẹ̀ ní yáàdì kan ààbọ̀. Bọ́tìnnì tí o bá tẹ̀ á tún fi kún un, bí ìgbà tí a tú etí síkẹ́ẹ̀tì kó lè gùn sí i, ohùn á sì wálẹ̀. Ti àárín á mú dò wá sí tì, àkọ́kọ́ á mú sò wá sí fà.

Lọ́jọ́ kan mo ní kí n fọ̀ ọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni wọ́n ní kí n lò, nítorí omi gbígbóná lè bó ọ̀dà ara rẹ̀. Mo yọ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo nù wọ́n, mo fi epo pa wọ́n, mo dá wọn padà. Mo fọn ọ́n, kò dún. Èémí kò tiẹ̀ kọjá rárá, bí ẹni ń fẹ́ ògiri. Mo jókòó sílẹ̀, omi lé sí mi lójú. Nígbà tí tíṣà dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi 1, 2, 3 tí wọ́n gbẹ́ sára wọn hàn mí: mo ti ki ẹ̀kẹta sí ilé àkọ́kọ́, ihò inú wọn kò bá ara wọn mu mọ́. Èmi tí mo ń kọ nọ́ńbà sára aṣọ oníbàárà láti ọdún mọ́kànlélógún!

Omi tó ń kán nínú rẹ̀, má pè é ní itọ́. Èémí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó di omi lára irin tútù, bíi ti ọmọrí ìkòkò. Lọ ṣàlàyé yẹn fún ẹni tí ó kán sí orí léèsì rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tún fi àwòrán Dizzy Gillespie, afọnfèrè ará Amẹ́ríkà, hàn mí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́; tíṣà ní kí n má dán an wò. Áńkáṣíìfù funfun ti Victor Ọláìyá, afọnfèrè háíláìfù wa, nìkan ni mo yá lò.

Ìṣẹ́jú 15 ni mo ń fọn ọ́n, kí n tó sinmi. Bí ètè bá ti rẹ̀, tí mo wá ń tẹ irin mọ́ ẹnu kí ohùn òkè lè jáde, ó parí nìyẹn, ọjọ́ kejì ẹnu á wú. Òrí ni mo ń fi pa á báyìí, ṣùgbọ́n mo ní láti nù ún kúrò kí n tó fọn ọ́n, kó má baà máa yọ̀.

Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ nígbà Àjíǹde, jọ̀wọ́ fi epo bọ́tìnnì rán an, àti ohun tí wọ́n ń ki bọ ihò ńlá tí ohùn ń gbà jáde kí ariwo lè dín kù. Ará ilé kejì kì í dáhùn ìkíni mi mọ́. Èlùbọ́ rẹ ti wà nílẹ̀, kájú náà ti wà nínú ike.

Ohun kan ṣì kù. Mo bá olóògàn ìjọ wa dán an wò, ó tẹ C, èmi náà fọn C tó wà nínú ìwé mi, ohùn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Àṣé B-flat, ohùn tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí C ti dùùrù, ni C tèmi. Nítorí náà, bí o bá pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, orí B-flat ni kí o ti mú dò rẹ. Ìwọ kọ tírẹ́bù, èmi yóò fọn áltò.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ, Ìyá Télọ̀.