Ẹ̀sùn lórí páálí aró sunburst yín fún gìtá oníná

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi lẹ́tà yìí fẹjọ́ sùn lórí páálí aró sunburst (àwọ̀ gìtá tó mọ́lẹ̀ láàárín, tó sì ń dúdú lọ sí etí) tí ẹ ń tà fún àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan gìtá oníná. Yẹ́lò àti pupa inú rẹ̀ dára, wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń wọ igi dáadáa. Ìwé ìlànà tó bá a wá ni mo ń bá yín jà sí, àti fáníìṣì tí ẹ kó mọ́ ọn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìwé yẹn láti orí dé ìdí yóò ba igi rẹ̀ jẹ́ ni, kódà kó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà ló burú jù. Ẹ ní tí aró bá ti gbẹ, kí á rẹ àkísà sínú fáníìṣì, kí á fi nu gbogbo ara gìtá. Omi ni ẹ fi po fáníìṣì náà, omi náà sì ni ẹ ní kí á fi po aró. Aró kì í ṣe ọ̀dà. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó ń dì í mú mọ́ igi, nítorí náà omi tó gbé e wọlé náà ni yóò tún tú u jáde. Bí àkísà bá ti kan etí tó dúdú, ó ti mu dúdú nìyẹn. Bí ọwọ́ bá wá gbé e kọjá láàárín, ìlà tó dà bí eérú ni yóò máa fà sórí yẹ́lò. Lára gìtá tí mo fi páálí yín kùn, àwọn ìlà yẹn gba ibi tí ọwọ́ gbà gẹ́lẹ́, láti ìwo òkè (ibi tí ara gìtá ti yọ ṣóńṣó lókè) títí dé ibi tí bridge, ìyẹn ohun tó gbé okùn gìtá dúró lójú rẹ̀, máa ń wà. Ẹwà sunburst kò sì ju pé kí àwọ̀ kan yọ́ wọnú èkejì láìsí ààlà. Bí ìlà bá ti wọ̀ ọ́, ó ti bàjẹ́.

Ẹ lè sọ pé kí á fi shellac, ìyẹn ohun ìkungi tí wọ́n ń rí lára kòkòrò, bò ó kí fáníìṣì tó kàn án. Fún aró tí omi nìkan ń tú, òótọ́ ni, bí wọ́n bá lo shellac tí wọ́n ti yọ ìda rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ sára ìgò pé omi tàbí spirit (ọtí líle tí wọ́n fi ń po nǹkan) ló lè po aró yín, spirit ló sì ń yọ́ shellac. Àkísà shellac náà yóò tú u. Fáníìṣì tí wọ́n ń fín nìkan ló yẹ aró yìí: kí ìpele àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, kó má rin igi gbingbin, kí ó gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Lẹ́yìn ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ́ẹ̀, aró ti wà lábẹ́ ààbò, wọ́n sì lè fín in nípọn. Kò sí ibì kankan lára páálí tí ẹ ti sọ pé ẹni tó rà á nílò ohun tí yóò fi fín in.

Dúdú yín ní ẹjọ́ tirẹ̀. Búlúù wà nínú rẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí tíṣù funfun tó tutù. Bó ṣe ń tàn, ẹ ó rí búlúù tó ń ṣáájú rẹ̀ létí. Níbi tí dúdú bá ti ki, kò hàn. Ibi tó ti ń fẹ́lẹ́ lọ sórí yẹ́lò ni wàhálà wà, nítorí búlúù àti yẹ́lò pàdé, àwọ̀ ewé ló sì ń bí. Ìwé yín tún wá dá kún un ní ìgbésẹ̀ kẹta: ó ní kí dúdú tẹ̀ lé yẹ́lò, kí pupa gbẹ̀yìn. Gìtá oníná Stratocaster tí ilé-iṣẹ́ Fender gbé jáde ní 1954 ní àwọ̀ méjì péré nínú sunburst rẹ̀. Nígbà tí Fender fi pupa kún un ní 1958, àárín yẹ́lò àti dúdú ni wọ́n fi í sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò ojú páálí yín ṣe rí! Yẹ́lò ló yẹ kó kọ́kọ́ bo gbogbo rẹ̀. Kí pupa wá yí i ká, bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún láti etí, kí dúdú tí wọ́n ti kán pupa díẹ̀ sí má kọjá méjì. Kí wọ́n fi àkísà tí yẹ́lò rin pò wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó gbẹ, láti inú bọ̀ sí etí. Ẹni tó bá nù ún láti etí lọ sí inú ti ń kó dúdú lọ bá yẹ́lò.

Sáńpépà tí ẹ fi sínú rẹ̀ náà ń kọ́? Nọ́ńbà 120, 240 àti 600 ni; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ó ń kúnná tó. 600 máa ń mú ojú igi dán débi pé aró kò ní ríbi wọlé mọ́. 220 ti tó. Ìwé náà kò sọ pé kí á fi omi díẹ̀ nu igi, kí irun rẹ̀ dìde, kí á tún fi 220 yún un kí aró tó kàn án.

Ẹ tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé páálí yìí yẹ gìtá tí wọ́n lẹ awẹ́ igi maple fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ lójú. Irú awẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà nípọn tó mílímítà kan. Bí aró bá bàjẹ́ lórí igi gidi, wọ́n lè yún un kúrò. Bí ó bá bàjẹ́ lórí awẹ́ yìí, sáńpépà yóò jẹ ẹ́ tán dé orí góòmù kí aró tó kúrò, kò sì sí àtúnṣe.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ dá owó páálí padà, kí ẹ sì san owó awẹ́ maple tó bàjẹ́. Risíìtì àti fọ́tò wà nínú àpòòwé yìí. Kí ẹ dáwọ́ títa páálí náà dúró títí ẹ ó fi tún ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹfà kọ. Kí ẹ fi agolo ìfín rọ́pò fáníìṣì àkísà, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí àwọn tó ti rà á tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi tiwọn. Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín