Ẹ Máa Yẹ Iṣan Inú Orí Wò Dáadáa

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni mo ṣe kọ̀wé. Àwọn oríṣi iṣan 12 tó wà ní méjì-méjì, ìyẹn iṣan tó ń gbé ìsọfúnni láàárín ọpọlọ àti ara (nerve), tó ti inú orí jáde wá sójú, etí, ahọ́n àti ọ̀fun, ọ̀pọ̀ dọ́kítà àti nọ́ọ̀sì kàn ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú aláìsàn lẹ́ẹ̀kan ni, wọ́n á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò síṣòro. Kò da rárá!

Ẹ wo ojú tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ní kó hun iwájú orí, kó dijú pinpin, kó fẹyín. Tí iwájú orí bá ṣì ń hunjọ lọ́tùn-ún lósì àmọ́ tẹ́nu wọ́, ọpọlọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò. Tó bá jẹ́ pé àtiwájú orí àtẹnu lápá kan ni ò mira, iṣan ojú fúnra ẹ̀ ló sábà máa ń níṣòro.

Ti òórùn ńkọ́? Ihò imú kọ̀ọ̀kan là ń dán wò, ká di èkejì, ká má sì lo sipíríìtì o, torí ó máa ń ta imú, iṣan míì ló sì ń gbé ìyẹn lọ sí ọpọlọ, ẹni tí ò gbóòórùn rárá á wá ní òun gbọ́ nǹkan. Tọ́ọ̀ṣì náà, ojú kan là ń tàn án sí, ọmọlójú méjèèjì ló yẹ kó kéré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fáwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ ìṣègùn kí wọ́n dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ títí á fi ṣe é tán.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín