Iṣẹ́ tí mo fi oòrùn ṣe

Ìbàdàn,
9 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Leeds ńkọ́? O ní o gbọ́ pé àmì ara oòrùn ni mo ń kà kiri báyìí. Òótọ́ ni o, má fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Láàárọ̀, màá kọjú awò awọ̀nàjíjìn kékeré mi sí oòrùn, àmọ́ n kì í fojú mi sí i o, ojú ò ṣeé rà lọ́jà. Bébà funfun ni mo máa ń gbé sẹ́yìn ẹ̀, oòrùn á wá hàn níbẹ̀ roboto bí ẹnu ife, pẹ̀lú àmì dúdú wẹ́wẹ́. Lóṣù tó kọjá, àmì kan dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Oòrùn sì rèé, ṣe ló ń yípo! Mo ti fẹ́ figbe ta kí n tó ronú nu dígí. Eruku ni.

Ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ yìí ni Heinrich Schwabe, apòògùn kan ní Dessau, ní Jámánì. Láti 1826 ló ti ń wá plánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n rò pé ó sún mọ́ oòrùn ju Mercury lọ. Kó má baà ṣi àmì dúdú mú fún un, ó ń kọ iye àmì sílẹ̀ lójoojúmọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Kò rí plánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí 1843 fi máa parí, ó ti rí i pé àmì ọ̀hún ń pọ̀, ó ń dín kù, bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Rudolf Wolf, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní Switzerland, tú àkọsílẹ̀ àtijọ́, ó ní ó tó ọdún 11. Òun náà ló ni ìṣirò tí mo ń lò: agbo àmì kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá, kí o wá fi iye àmì fúnra wọn lé e.

Ní 1908, George Ellery Hale, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, rí i nílé ìwòràwọ̀ Mount Wilson, ní Amẹ́ríkà, pé òòfà ló wà nídìí àmì wọ̀nyí. Òòfà yẹn ò jẹ́ kí ooru ráyè gòkè, ibẹ̀ á wá tutù ju àyíká ẹ̀ lọ, á sì dúdú. Tí ìyípo kan, ìyẹn ọdún 11 tí àmì fi ń pọ̀ tó tún ń dín kù, bá parí, orí òòfà á di ìdí, ìdí á di orí. Ó di ọdún 22 kó tó padà sí bó ṣe wà.

Ibi tí èmi àti olùkọ́ mi ti ń fa ọ̀rọ̀ rèé. Ó fẹ́ kí n kọ nípa ìyípo ńlá kan, ti nǹkan bí 90 ọdún. Láti 1755 tí wọ́n ti ń ṣírò ìyípo, ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la wà yìí, Oṣù Kejìlá 2019 ló bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bí ọdún 270 lọ, 90 mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta nílé àna, tó ní òun ti mọ ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè lọ́dọọdún! Mo gbà pé oòrùn lè yíwà padà: láti 1645 sí 1715, àmì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára ẹ̀ rárá, irú kábọ́ọ̀nù kan nínú òrùka igi, tó máa ń pọ̀ sí i tí àmì bá dín kù, sì jẹ́rìí sí i. Àmọ́ n ò tíì rí 90 yẹn.

Àmì ti ń dín kù báyìí. Láìpẹ́, bébà mi á máa wà lófìfo, màá sì máa kọ "òdo" síbẹ̀. Schwabe náà kọ ọ́.

Tí o bá ń bọ̀ lọ́dún, jọ̀ọ́, bá mi ra dígí dúdú tí wọ́n ń dé sẹ́nu awò fún wíwo oòrùn. Ti orí awò o, kì í ṣe ti ojú. Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àlàbí.