Àkànní, owó tó o fi ránṣẹ́ yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Mo pè ẹ́ láàárọ̀ Sátidé, mo tún pè ẹ́ lálẹ́, o ò gbé e. Ìgbà tó o máa dáhùn, "Mọ́mì, closing là ń ṣe" lo kọ. Mo mọ̀ pé ìparí oṣù máa ń le fún ẹ̀yin akántáǹtì, èmi náà ti jókòó ti ìwé owó rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé o ò gbé fóònù ni mo ṣe ń kọ èyí, torí owó ni.

Alẹ́ẹ̀tì wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wá gíláàsì mi mo tún un kà: 250,000 náírà. Ìwọ tó o ní 140,000 ni wọ́n ń san fún ẹ, tó ò ń san owó ilé, tó ò ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́. Mo ṣírò ẹ̀ síwá, mo ṣírò ẹ̀ sẹ́yìn, kò bára mu. Níbo lowó yẹn ti wá?

Inú mi dùn o, mo kúnlẹ̀ ṣàdúrà fún ẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Atẹ́gùn ti ká páànù ẹ̀yìnkùlé, àǹtí ẹ bímọ ní Mọ́níyà, obìnrin ni, ẹsẹ̀ mi ti ń fúyẹ́.

Ọmọ ìyá alágbo tó wà l'Ékòó ló sọ pé ọ̀gá yín máa ń ní kí ẹ ṣe ìwé méjì, ọ̀kan fún àwọn agbowó orí, ọ̀kan fún òun. Mo ní irọ́ ni. Àkànní, jọ̀ọ́, kó jẹ́ irọ́. Tí ò bá sí rìsíìtì, má kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó o ti owó kan sínú suspense, ibi tí ẹ ń kọ owó tẹ́ ò tíì mọ ibi tó yẹ kó lọ sí, bi wọ́n pé ìgbà wo ló máa kúrò ńbẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o to ìwé báǹkì mọ́ ìwé tìẹ, má jẹ́ kẹ́nì kan bá ẹ tò ó.

Bàbá ẹ fẹ́ràn kó máa sọ ọ́ pé ọdún 1965 tí wọ́n parí Cocoa House náà ni ìjọba dá ICAN, ẹgbẹ́ ẹ̀yin akántáǹtì, sílẹ̀. Cocoa House jóná ní 1985, wọ́n tún un ṣe. Ìwọ tó ku Professional, ìdánwò ICAN tó kẹ́yìn, fún, tí ICAN bá yọ orúkọ ẹ kúrò lọ́jọ́ kan, ta ló máa bá wa tún un ṣe?

Mi ò sọ èyí fún ẹ rí. Ní 2001, mo ń ṣe akáúntì kílákì nílé iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀. Símẹ́ńtì wọlé, ìwé ní àpò 40, ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ sítọ̀ wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, 32 ni mo kà o." Mo gbé fáọ́ṣà lọ bá ọ̀gá, kò wojú mi, ó kàn ti bíró sí mi lórí tábìlì. Mo sáìn ín. Oyún ẹ ló wà nínú mi, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lé mi. Nígbà tí ọ́díìtọ̀ dé, àpò mẹ́jọ ò sí, ọmọ yẹn ni wọ́n lé. Wọ́n bi mí, mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Ó ṣì kí mi "ẹ kú iṣẹ́ mà" bó ṣe ń kó ẹrù ẹ̀ lọ. Mo ṣì máa ń rí i ní Bẹẹrẹ, ọ̀kadà ló ń gùn, tí mo bá ti rí i, mo máa ń yà bá ọ̀nà míì. Owó oṣù yẹn ni mo fi ra aṣọ ìkómọ ẹ.

Owó tó o fi ránṣẹ́ wà ńbẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án, mi ò ra páànù. Tó bá jẹ́ àjọ lo kó, tàbí o bá èèyàn ṣiṣẹ́ ní wíkẹ́ńdì, sọ fún mi kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ, mo máa tọrọ ẹ̀ tọkàntọkàn. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ mọ́tò ní Bẹ́gà kó o wá sílé, mi ò ní pariwo, mo ti ro àmàlà sílẹ̀ fún ẹ lọ́kàn mi. Màá dá a padà fún ẹ, ìwọ náà á dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Pè mí lálẹ́ òní, kódà kó di aago méjìlá.

Mọ́mì ẹ