Ẹ̀jẹ̀ ríru kò mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo sin ọmọ mi obìnrin lọ fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Nọ́ọ̀sì wo ìwé rẹ̀, ó pòṣé: "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò tètè gbé e wá nígbà tí BP rẹ̀ ń ga?" Mo na ìka sí ohun tí àwọn fúnra wọn kọ sára káàdì lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ: ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò rí èsì fọ̀.

Ọmọ yìí ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru látinú oyún, wọ́n sì mọ̀. Lọ́jọ́ kejì ìbímọ ni wọ́n ní ká máa lọ ilé. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú. Àwa àgbà ní àìsùn ni. Èmi gan-an wà lára wọn o. Iye kóńgò ìrẹsì tí a máa sè níbi ìkómọ ni mò ń ṣírò. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó lọ ra oògùn ẹ̀fọ́rí ló mú oníkẹ́mísì wá pẹ̀lú ẹ̀rọ BP. 172 lórí 112! A sáré dé ilé ìwòsàn, owó káàdì ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n rí abẹ́rẹ́ gún un kí gìrì tó mú un.

Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbímọ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ abiyamọ máa ń ru jù. Kí ìkómọ tó pé! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí 24, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí 48 sí 72, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, kó tó wá kan ọ̀sẹ̀ kẹfà. Tiwa ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn aláṣẹ wa mọ ríbọ́ọ̀nù gé, wọ́n mọ fọ́tò yà pẹ̀lú ìyá ìbẹta. Ó parí síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Bí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru bá ń kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n yá a ní ẹ̀rọ BP alábátìrì, kó fi owó díẹ̀ dúró, kó gbà á padà lọ́jọ́ tó bá dá ẹ̀rọ padà. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fi ẹ̀rọ náà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n dìídì yàn sídìí ẹ̀. Ẹni tí kò ní owó fóònù, kó fíláàṣì, kí wọ́n pè é padà. Bó bá dé 140 lórí 90, kí nọ́ọ̀sì pè é. Bó bá dé 160 lórí 110, kó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní Oǹdó wa níbí, nígbà tí ètò Abíyè, tí ìjọba fi ń tọ́jú aboyún, bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lọ́dún 2009, wọ́n há fóònù fún àwọn aboyún, òṣìṣẹ́ ìlera sì ń gun ọ̀kadà tọ̀ wọ́n wá nílé. Fóònù tí gbogbo wa ti ní lọ́wọ́ báyìí!

Kí wọ́n má sì béèrè owó káàdì lọ́wọ́ abiyamọ tó bá dé ní pàjáwìrì mọ́.

Ẹ̀rọ tí àwa fi tipátipá rà ti wà lọ́wọ́ ìyàwó kan ládùúgbò wa tó bímọ lọ́jọ́ Sátidé. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ló ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi. Èmi tí mò ń ta èlùbọ́ ni nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ìyá àgbà kan,
Àkúrẹ́.