Lẹ́tà Ìparí Sáà Kẹta sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ìwé Orúkọ Àwọn Afipábánilòpọ̀ àti Ààbò Àwọn Ọmọ Wa

Láti ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ìwé, Òṣogbo

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, mo sì kí yín kú ìparí sáà. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ wà nínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, owó ilé-ìwé fún sáà tí ń bọ̀ sì wà lórí ìwé tí a so mọ́ ọn, nítorí náà n kò ní tún wọn sọ níbí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ kí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí a ṣe kẹ́yìn, ìyá kan dìde, ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé ìjọba ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn afipábánilòpọ̀ sí, àti pé bí ó bá wà, ṣé ilé-ìwé wa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gba òṣìṣẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́jọ́ náà, n kò sì lè dáhùn bí ó ti yẹ. Ìbéèrè náà tóbi ju ìdáhùn ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ìwé náà wà. Òfin VAPP tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 láti ka ìwà ipá sí ọmọnìyàn léèwọ̀ ni ó pa á láṣẹ pé kí a máa kọ orúkọ ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀ sílẹ̀, kí ará ìlú sì lè rí i. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2019, àjọ NAPTIP, tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ mọ́ gbígbógun ti àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò ẹrú, ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa irú ìwé yìí, ọ̀fọ̀ ọmọ ni ó sì sọ ọ́ di òfin níbẹ̀. Ní ọdún 1989, wọ́n jí Jacob Wetterling, ọmọ ọdún 11, gbé ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1994, ni ó ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa kọ orúkọ irú àwọn ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1994 yẹn náà ni ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tàwọn Megan Kanka, ọmọ ọdún méje, ní New Jersey, pa ọmọ náà. Ilé ẹjọ́ ti dá ọkùnrin yìí lẹ́bi rí nítorí ohun tí ó ṣe sí àwọn ọmọdé mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn òbí Megan kò mọ̀. Ikú rẹ̀ ni ó bí òfin ọdún 1996 tí ó ní kí a má ṣe fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ará àdúgbò mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọlọ́pàá ni ìwé náà wà; ará ìlú kò lè ṣí i wò, ṣùgbọ́n òbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nípa ẹnì kan tí ó ń sún mọ́ ọmọ rẹ̀ lè lọ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí wù mí ní tèmi, nítorí pé òbí gbọ́dọ̀ ti kíyè sí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ kí ó tó lè béèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí orúkọ ènìyàn ṣe ń dé inú ìwé yìí. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ fún gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ̀rí tó pòórá, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹjọ́ dé kóòtù, kí àwọn ẹlẹ́rìí má sì rẹ̀wẹ̀sì títí adájọ́ yóò fi dá ẹjọ́. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ó ti máa ń já. Àwọn àgbà ilé yóò pe ìpàdé, wọn yóò ní kí a má ba orúkọ ìdílé jẹ́, wọn yóò béèrè pé ta ni yóò fẹ́ ọmọ náà bí ìlú bá gbọ́. Ẹni tí ó ṣe é yóò dọ̀bálẹ̀, yóò gbé owó kalẹ̀, wọn yóò sì ní kí ó kó lọ sí ìlú mìíràn. Orúkọ rẹ̀ kò ní sí nínú ìwé kankan nígbà tí ó bá dé ìlú náà.

Èyí ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá wá iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì dùn, ilé-ìwé tí ó ti ń bọ̀ sì ti kọ lẹ́tà tí ó dára fún un. Mo pè wọ́n lórí fóònù síbẹ̀. Ẹni tí ó gbé ìpè náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ fún mi pé, “Mà, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, a ní kí wọ́n máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni.” A kò gbà á. N kò tíì dẹ́kun ríronú nípa ilé-ìwé tí kò pe ẹnikẹ́ni kí ó tó gbà á. Bí mo bá ti yẹ ìwé orúkọ ìjọba wò lọ́jọ́ náà, n kì bá tí rí i níbẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi fún ìyá tí ó béèrè ni pé, bẹ́ẹ̀ ni, a ń yẹ ìwé náà wò, a ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mú yín sùn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ni ó ti rí ìwà ipá ti ìbálòpọ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ó bí ọkùnrin nìkan tún gbólóhùn yìí kà. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé: ẹni tí ọmọ mọ̀ dáadáa ni ó sábà máa ń jẹ́, bùọ̀dá tí ó ń gbé lọ́dọ̀ yín, olùkọ́ lẹ́sìn tí ń wá sílé, ọ̀gá tí ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ tí ó ti ń gbé e láti Òkè-Baálẹ̀ wá sí ilé-ìwé fún ọdún méjì. Gbogbo wọn kọ́ ni ènìyàn búburú, púpọ̀ nínú wọn ni ó dára ju bí a ti rò lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní ànfààní láti wà nìkan pẹ̀lú ọmọ yín lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Nínú ìsinmi yìí, àwọn ọmọ yóò lọ sọ́dọ̀ ẹbí, àwọn mìíràn yóò lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, àlejò yóò sì kún ìlú wa nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ. Bí àlejò bá sùn sílé yín, ẹ má ṣe kó ọmọ sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ nítorí pé ààyè kò tó.

Ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. A ti kọ́ wọn láti bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé àgbà tí ó bá ní kí wọ́n bọ́ ṣòkòtò, tàbí tí ó ní kí wọ́n má sọ fún màmá, wọ́n lè sọ fún un pé rárá, kí wọ́n sì sá. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sọ fún ọmọbìnrin pé bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn án, yóò lóyún, àti pé bí ó bá lóyún, òun yóò pa á. Mo bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọmọ tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní sọ fún yín lọ́jọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀, nítorí yóò rò pé òun ni ẹ ó bá wí.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ẹ má wẹ̀ fún ọmọ náà, ẹ má sì fọ aṣọ rẹ̀. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó aṣọ náà sí, kì í ṣe inú ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin inú ọ̀rá a máa ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti UNIOSUN wà níhìn-ín ní Òṣogbo. Oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bí ó bá sì ṣe yá tó ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀, kò sì gba àwáwí pé ọmọ náà gbà tàbí pé ó dàgbà lójú. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò ní agbára láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ yìí jì lórúkọ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp kù. Lóṣù tí ó kọjá, àwòrán ọkùnrin kan ń lọ káàkiri láàrin àwọn òbí pé afipábánilòpọ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti wá. Ìwé orúkọ ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé adájọ́ ti gbọ́ tẹnu rẹ̀; àwòrán fóònù lè mú kí wọ́n dáná sun aláìṣẹ̀ lójú pópó. Bí ẹ bá fura sí ẹnì kan, ọlọ́pàá tàbí èmi ni kí ẹ sọ fún. Ẹ má sì ṣe fi orúkọ tàbí àwòrán ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Láti sáà tí ń bọ̀, olùkọ́ kankan kò ní dá kọ́ ọmọ kan ní lẹ́sìn nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, òṣìṣẹ́ tuntun kò sì ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí tí èmi fúnra mi yóò fi bá ibi mẹ́ta tí ó ti ṣiṣẹ́ rí sọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tí ó lè wá mú ọmọ yín nílé-ìwé síbẹ̀, ẹ má sì kọ ju mẹ́ta lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà lọ́jọ́ ìwọlé. Ọmọ tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò bá dé, òbí rẹ̀ nìkan ni a ó fà á lé lọ́wọ́.

N ó wà ní ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú ìsinmi yìí, láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di aago méjìlá ọ̀sán. Ẹni tí ó bá ní ohun tí kò lè sọ ní ìpàdé lè wá bá mi níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ìwé