Ẹ̀sùn lórí sẹ́ẹ̀tì iná iwájú "fólítì 6" tí ẹ tà fún wa

Ṣọ́ọ̀bù Rewáyà,
Badagry,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Máníjà, Ẹ̀ka Ìtajà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí sẹ́ẹ̀tì iná iwájú tí a rà lọ́wọ́ yín fún Volkswagen Ìjàpá ọdún 1962 la ṣe ń kọ̀wé sí yín. "Fólítì 6" lẹ kọ gàdàgbà sára páálí rẹ̀, owó fólítì 6 lẹ sì gbà. Ohun tó wà nínú páálí, yàtọ̀ sí gílóòbù méjèèjì, ti mọ́tò fólítì 12 ni. Nígbà tí a pè yín sí i, ọmọ iṣẹ́ yín tó dá wa lóhùn ní bátìrì wa ló ti kú, ká lọ ra tuntun. Bátìrì ò kú rárá. Ẹ má fi bátìrì bo àbùkù rìléè, ìyẹn súìṣì kékeré tí iná díẹ̀ ń tì kó lè gbé iná ńlá lọ sí gílóòbù.

Rìléè yìí la ó kọ́kọ́ sọ. Tí a bá tan iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, rìléè ò dún, gílóòbù ò tàn. A yọ ọ́, a fi mítà wọn ẹsẹ̀ 85 sí 86, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tí iná tó ń tì í ń gbà: óòmù 88 ló kà. Rìléè fólítì 6 gidi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ka 20; irú 88 yẹn, ti fólítì 12 ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ò ní bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ a ṣì wo ara rẹ̀ dáadáa. Ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ 6V sí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. A fi èékánná ṣí etí ìwé náà, 12V tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ike látilẹ̀ ló yọjú. Méjèèjì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí. Ẹnìkan ló jókòó tó lẹ ìwé yẹn, a ò lè pe ìyẹn ní àṣìṣe.

Ewu tó wà níbẹ̀ ju pé iná ò tàn lọ. Rìléè fólítì 12 sábà máa ń fẹ́ tó fólítì 7 kó tó lè mú. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, dáínámò tó ń pèsè iná fún mọ́tò lè gbé e dé 7, rìléè á mú, awakọ̀ á sì rò pé gbogbo nǹkan ti dáa. Tó bá ti mú, kì í tètè já, nítorí náà iná á máa tàn lọ. Ìgbà tó bá wọ gosíló, tó wá fi ẹsẹ̀ tẹ súìṣì ilẹ̀ láti kúrò ní fúùlù sí díìmù, ni wàhálà dé: rìléè fúùlù á já, ti díìmù ò ní lè mú, òkùnkùn á bo iwájú mọ́tò. Lójú ọ̀nà Badagry lálẹ́, láàárín tírélà, ẹ fojú inú wò ó.

A fi rìléè tiwa rọ́pò kí a lè mọ bí ìyókù ṣe rí. Iná tàn, ṣùgbọ́n ó pọ́n bí iná àtùpà elépo. Mítà ka 6.3 lórí bátìrì, ó ka 5.2 lẹ́yìn gílóòbù. Fólítì kan àti díẹ̀ ti ṣòfò sójú ọ̀nà, ibi tó sì bọ́ sí ò fara sin, torí wáyà 1.5 (bó ṣe nípọn tó ní mílímítà onígun mẹ́rin) lẹ kó sínú páálí. Ẹ bá wa ṣírò ó. Gílóòbù wáàtì 60 máa ń fa áńpù 5 lórí fólítì 12. Lórí fólítì 6, áńpù 10 ló ń fà. Bí fúùlù bá tàn lápá méjèèjì, ó di 20. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, iná sì wà ní imú mọ́tò, wáyà tó máa lọ láàárín wọn á tó mítà 4. Mítà kan wáyà bàbà 1.5 ní nǹkan bí óòmù 0.012. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 4, ẹ tún sọ ọ́ di ọ̀nà 20, ó di 0.96. Ó kù díẹ̀ kó pé fólítì kan, a ò sì tíì ka ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí iná ń gba ara bọ́dì padà sí bátìrì, àti ojú ibi tí a ti so wáyà mọ́ra.

Lórí mọ́tò fólítì 12, áńpù tó ń kọjá á jẹ́ ìdajì, ohun tó máa sọnù ò ní tó ìdajì fólítì kan. Nínú 12, ojú ò ní mọ̀ ọ́n. Nínú 6, ó pọ̀ jù, torí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kì í bá fólítì rìn ní ẹsẹ̀ kan náà: bí fólítì bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́fà, ìmọ́lẹ̀ tó máa lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. A yọ wáyà yín, a fa wáyà 6 láti bátìrì dé ọ̀dọ̀ rìléè, a fi 2.5 lọ sí gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Fólítì 5.9 ló dé ibẹ̀. Gílóòbù kan náà, bátìrì kan náà tí ẹ ní ó ti kú, iná funfun balau.

Fíúsì kan ṣoṣo, áńpù 15, lẹ fún iná méjèèjì. Áńpù 20 ló ń kọjá níbẹ̀. Kì í jó lójú ẹsẹ̀. Ó máa gbóná díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì jó, ọ̀tún àti òsì á kú pa pọ̀. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ yín wí ni pé ká fi 30 sí i. Pẹ̀lú wáyà 1.5? Bí wáyà yẹn bá fẹnu kan bọ́dì níbi kan, òun fúnra rẹ̀ lè ti máa yọ́ kí fíúsì 30 tó já, ẹ sì rántí pé táǹkì epo Ìjàpá wà níwájú, ní tòsí ibi tí wáyà iná ń gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún oníbàárà mìíràn. Fíúsì 15 fún apá kọ̀ọ̀kan ló yẹ, kí èyí tó bá jó má bàa pa iná apá kejì.

Ìwé ìlànà yín tún ní ká fa iná tí rìléè máa gbé láti ẹsẹ̀ 56 súìṣì inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo áńpù 20 náà á ṣì gba inú súìṣì àtijọ́ kọjá. Kí wá ni rìléè wà fún? Iná ẹsẹ̀ 30 rìléè, ìyẹn ẹsẹ̀ tí iná ńlá ń gbà wọlé, gbọ́dọ̀ ti bátìrì wá tààrà. Wáyà tó ń bọ̀ láti súìṣì ilẹ̀, 56a fún fúùlù àti 56b fún díìmù, ẹsẹ̀ 86 nìkan ló ní í ṣe pẹ̀lú. Ẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìwé yín ò dárúkọ rẹ̀. Òrùka irin tó ń dán lẹ fi ránṣẹ́, ní ìlú tí ọ̀sà wà lápá kan, tí òkun wà lápá kejì. Kò ní pẹ́ dípẹtà. Òrùka bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò ni wọ́n ń lò, a ó sì fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò lára bọ́dì kí a tó de bóòtù rẹ̀.

Ó ku gíláàsì. Ọfà kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó kọjú sí ọ̀tún ẹni tó dúró níwájú mọ́tò. Àmì ìlú tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá òsì nìyẹn. Díìmù rẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè lápá òsì láti fi wo etí títì. Ọ̀tún ni àwa ń gbà ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà ojú ẹni tó ń bọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yẹn máa gún. Kò sí bí a ṣe lè yí síkúrù rẹ̀ kó dára. Ìlà ara gíláàsì ló ń darí iná.

Ká sọ tòótọ́, gílóòbù yín dára. Fólítì 6 ni lóòótọ́, wáàtì 60 fún fúùlù, 55 fún díìmù, ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní P45t sì wọ ihò àtijọ́ láìyọ. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sára páálí pé kò ní yọ dáínámò lẹ́nu. Áńpù 15 ni gílóòbù wáàtì 45 àtijọ́ méjì ń fà, méjì tiyín ń fa 20, dáínámò yẹn kì í sì mú wá ju nǹkan bí 30 lọ, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan kan wá nígbà tí mọ́tò bá dúró. Ó yẹ kí ẹni tó ń rà á mọ̀.

A mọ̀ pé Ìjàpá tí wọ́n tò ní Òjó láti 1975, lójú ọ̀nà Badagry yìí kan náà, fólítì 12 ni, òun ló sì jẹ́ kí ọjà 12 pọ̀ lórí igbá. Ọmọ iṣẹ́ yín tiẹ̀ ní ká kúkú sọ mọ́tò náà di 12. Dáínámò, rẹ́gúlétọ̀, kọ́ìlì, mọ́tò wáípà, gbogbo gílóòbù ló máa bá a lọ. Ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ ò ní wá ra sẹ́ẹ̀tì fólítì 6.

Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ẹ dá owó wa padà pẹ̀lú owó tí a fi gbé e wá, tàbí kí ẹ fi ìwọ̀nyí ránṣẹ́: rìléè fólítì 6 méjì tí ìwé ò sí lára wọn, wáyà 6 mítà 5, wáyà 2.5 mítà 6, ilé fíúsì méjì, òrùka bàbà mẹ́rin, gíláàsì méjì tí kò ní ọfà. Kí ẹ sì kó èyí tó kù lórí igbá yín kúrò títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣì wà nínú páálí, rìléè tí a ṣí ìwé rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bí a ò bá gbọ́ nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ó gbé e lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Àwa oníbàárà yín,
Ṣọ́ọ̀bù Rewáyà, Badagry.